Láptọ́ọ̀pù Tó Ń Falẹ̀: Ẹ Mọ Ibi Tí Ó Ti Ń Dùn Ún Kí Ẹ Tó Fún Un Lóògùn

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń ṣe nígbà tí láptọ́ọ̀pù wọn bá ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, ni kí wọ́n máa pa àwòrán àti fídíò inú rẹ̀ rẹ́. Wọ́n á jókòó tì í láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, wọ́n á yọ ohun tí wọn kò tilẹ̀ fẹ́ yọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún tan ẹ̀rọ náà, bí ó ṣe ń wọ́ tẹ́lẹ̀ náà ni yóò ṣì máa wọ́. Àwòrán tó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ sínú ẹ̀rọ kì í dí iṣẹ́ kankan lọ́wọ́, àfi bí ibi ìpamọ́ bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún dé ẹnu. Ìyẹn ni àwọn àgbà ń pè ní fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ló ń mú kí láptọ́ọ̀pù falẹ̀. Ó kéré tán, ohun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lè fà á, oògùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì yàtọ̀ síra, débi pé ènìyàn lè náwó gidi sórí èyí tí kò ṣe ẹ̀rọ náà, kí ìyàtọ̀ kankan má sì wà.

Kí á tó lè mọ èyí tó ń ṣe é, ó yẹ kí á kọ́kọ́ ya ohun mẹ́ta sọ́tọ̀ tí wọ́n máa ń dàrú mọ́ ènìyàn lójú. Ẹ fi ẹ̀rọ náà wé yàrá aránṣọ. Prọ́sẹ́sọ̀ ni aránṣọ fúnra rẹ̀; òun ló ń gé, òun ló ń rán. RAM ni tábìlì iwájú rẹ̀: ohun gbogbo tó bá wà lórí tábìlì wà ní àrọ́wọ́tó, ṣùgbọ́n gbàrà tí a bá ti pa ẹ̀rọ, tábìlì náà yóò ṣófo. Ibi ìpamọ́, tí ó lè jẹ́ hard disk tàbí SSD, ni àpótí ńlá tó wà ní igun yàrá. Ibẹ̀ ni a ń kó gbogbo ẹrù sí, ẹrù náà kì í sì í ṣòfò bí iná bá lọ. Ohun tó mú kí àwọn ènìyàn máa pa tábìlì àti àpótí yìí pọ̀ ni pé GB ni a fi ń wọn àwọn méjèèjì. Ẹni tó gbọ́ pé láptọ́ọ̀pù òun ní 500GB, tí ó sì tún gbọ́ pé ó ní 4GB, lè rò pé ọ̀kan wà lára èkejì, nígbà tó jẹ́ pé 500GB ni ìwọ̀n àpótí, tí 4GB sì jẹ́ ìwọ̀n tábìlì. Bí ẹ bá kó ẹrù kúrò nínú àpótí, tábìlì kò ní tìtorí rẹ̀ fẹ̀ sí i.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí tábìlì bá kún. Kọ̀ǹpútà kì í sábà sọ fún yín pé àyè ti tán. Ńṣe ni ó máa ń mú ohun tí ẹ kò tíì fọwọ́ kàn láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, tí yóò gbé e lọ sínú àpótí, tí yóò sì tún sáré lọ gbé e padà nígbà tí ẹ bá pè é. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè padà sí ojú ìwé kan tí ẹ ti ṣí tẹ́lẹ̀, kí gbogbo nǹkan sì dúró gbagidi fún bí ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kí ó tó dáhùn. Lílọ-bíbọ̀ yìí ló ń tán ènìyàn ní sùúrù jù lọ, bí yóò sì ṣe le tó wà lọ́wọ́ irú àpótí tí ẹ̀rọ náà ní.

Ọ̀rọ̀ àpótí yìí ni mo fẹ́ kí á dúró sí díẹ̀, nítorí òun ló ṣe pàtàkì jù lọ fún ẹ̀rọ tó ti pẹ́. Hard disk jẹ́ ohun tó ń yí ní ti gidi. Àwọn àwo pẹlẹbẹ wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń yí nígbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ láptọ́ọ̀pù tó ń lò ó, apá tín-ín-rín kan sì ń rìn lọ rìn bọ̀ lórí wọn láti ka ohun tí a kọ síbẹ̀. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ìyípo kan ń gba nǹkan bí ìdá 11 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, èyí tó dàbí ẹni pé kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá fẹ́ ka fáìlì kékeré kan, apá yẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rìn dé ibi tí fáìlì náà wà, kí ó sì tún dúró de àwo kí ó yí dé abẹ́ rẹ̀, tó fi jẹ́ pé hard disk bẹ́ẹ̀ kò lè mú ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún fáìlì kéékèèké tó fọ́nká wá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí Windows tó jí tán, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohun kéékèèké bẹ́ẹ̀ ni ó ní láti kà. Bí áàpù márùn-ún bá tún ń du apá kan ṣoṣo yẹn mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ lè lọ wẹ̀ kí ẹ tó padà wá. SSD kò ní ohunkóhun tó ń yí. Iná mọ̀nàmọ́ná ló fi ń kọ ohun tó ń kọ, òun náà ló sì fi ń kà á, nítorí náà kò sí pé ó ń dúró de àwo. Ó lè mú ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì bẹ́ẹ̀ wá láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Láptọ́ọ̀pù tó ń gba ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ó tó ṣeé lò lè wá máa gba ìdajì ìṣẹ́jú péré, láìjẹ́ pé a fọwọ́ kan prọ́sẹ́sọ̀ rẹ̀ rárá.

Báwo wá ni ènìyàn ṣe lè mọ èyí tó ń ṣe ẹ̀rọ tirẹ̀? Lórí Windows, ẹ tan ẹ̀rọ náà, ẹ fún un ní bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó fi rọlẹ̀, kí ẹ wá tẹ Ctrl, Shift àti Esc lẹ́ẹ̀kan náà. Task Manager ni yóò ṣí. Ẹ lọ sí apá tí wọ́n kọ Performance sí. Ẹ máa ṣe iṣẹ́ tí ẹ máa ń ṣe lójoojúmọ́, kí ẹ sì máa wo àwọn ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀ níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń wọ́. Bí Disk bá lẹ̀ mọ́ 100%, tí CPU, ìyẹn prọ́sẹ́sọ̀, sì wà nísàlẹ̀ ní 10% tàbí 20%, kò sí ohun tó ń ṣe aránṣọ. Àpótí ló ń dá a dúró. Bí Memory bá kọjá 90% ní gbogbo ìgbà, tábìlì ló kéré, ẹ má sì jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu bí Disk náà bá ga lákòókò kan náà, nítorí lílọ-bíbọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni. Bí CPU bá ga nígbà tí ẹ kò ṣe ohunkóhun, áàpù kan ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn yín, apá Processes yóò sì dárúkọ rẹ̀. Lórí Mac, Activity Monitor ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Níbẹ̀, iye RAM tó sọ pé òun ti lò kò gbọ́dọ̀ dẹ́rù bà yín, torí pé Mac máa ń mọ̀ọ́mọ̀ kó nǹkan sórí tábìlì tó ṣófo kí ó lè yára. Àwòrán Memory Pressure ni kí ẹ wò, tí àwọ̀ ewé rẹ̀ ń sọ pé àyè ṣì wà, tí àwọ̀ ìyeyè àti pupa sì ń sọ pé ó ti ń há.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, àwọn nǹkan kan wà tí kò gba owó. Èyí àkọ́kọ́ máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu: láti ìgbà Windows 8, tó jáde ní 2012, bí ẹ bá tẹ Shut down, ẹ̀rọ kì í sábà kú tán. Ètò kan tó ń jẹ́ Fast Startup máa ń tọ́jú ipò tí inú Windows wà sínú ibi ìpamọ́ kí ó lè tètè jí lọ́jọ́ kejì, nítorí náà ìdàrúdàpọ̀ àná lè bá a jí lónìí. Restart ni ó ń pa á pátápátá tí ó sì ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lákọ̀tun. Ẹni tó ń sọ pé alaalẹ́ ni òun ń pa láptọ́ọ̀pù òun lè má tíì tún un bẹ̀rẹ̀ ní ti gidi láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Ẹ máa tẹ Restart, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo àwọn áàpù tó ń jí pẹ̀lú ẹ̀rọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo áàpù tí a bá gbé wọ inú kọ̀ǹpútà ló ń fẹ́ kí òun wà nílẹ̀ ká tó pe òun, àti èyí tí a ń lò lójoojúmọ́ àti èyí tí a lò lẹ́ẹ̀kan péré lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Apá Startup nínú Task Manager ló to orúkọ wọn. Ẹ lè dá ti orin, ti eré orí kọ̀ǹpútà àti ti ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ dúró níbẹ̀ láìséwu. Dídá wọn dúró kò túmọ̀ sí pé a yọ wọ́n, wọn yóò ṣì ṣí nígbà tí ẹ bá fúnra yín pè wọ́n. Ẹ má ṣe dá èyí tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì dúró, tàbí èyí tó jẹ mọ́ ohùn tàbí touchpad. Ẹ rí i pé ẹ kò ní ju ẹ̀ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì kan ṣoṣo lọ: Windows ti ní Microsoft Defender nínú, bí ẹ̀ṣọ́ méjì bá sì ń yẹ fáìlì kan náà wò lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnu ọ̀nà yóò dí.

Fún ọ̀pọ̀ wa, bíráúsà ni gbogbo iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà. Ojú ìwé kan ṣoṣo lè gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún MB lórí tábìlì, nítorí náà ogún ojú ìwé tí a ṣí sílẹ̀ nítorí pé a óò kà wọ́n tó bá yá lè jẹ láptọ́ọ̀pù oní-4GB tán kí a tó ṣe nǹkan mìíràn. Ẹ fi àmì sí èyí tí ẹ fẹ́ padà wá kà, kí ẹ sì tì í. Ẹ tan Memory Saver nínú Chrome tàbí Sleeping Tabs nínú Edge, kí ojú ìwé tí ẹ kò wò lè máa sùn. Àwọn àfikún tó ń so mọ́ bíráúsà náà kì í jẹun lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ yọ èyí tí ẹ kò rántí ìdí tí ẹ fi gbé e síbẹ̀.

Mo sọ lẹ́ẹ̀kan pé pípa àwòrán rẹ́ kì í mú ẹ̀rọ yára, àfi bí àpótí bá ti kún. Bí àyè tó ṣẹ́kù kò bá tó ìdá kan nínú mẹ́wàá, ó ti di ohun tó yẹ kí a bójú tó, torí pé ẹ̀rọ nílò àyè fún lílọ-bíbọ̀ àti fún àwọn àtúnṣe tó ń gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, SSD pàápàá sì máa ń falẹ̀ nígbà tí kò bá rí ibi tó ṣófo láti kọ nǹkan tuntun sí. Inú Downloads, Recycle Bin àti àwọn fáìlì ìgbà díẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe inú àwo-fọ́tò ìdílé. Ní ti ohun tí wọ́n ń pè ní defragment, tó jẹ́ títo àwọn ègé fáìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó wúlò fún hard disk nìkan. SSD kò jèrè nínú rẹ̀, ńṣe ni kíkọ àkọtúnkọ ń jẹ ọjọ́ orí rẹ̀. Windows mọ ìyàtọ̀ yìí, ó sì ń ṣe èyí tó yẹ fúnra rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ohun kẹrin tí àwọn ènìyàn kì í ronú kàn ni ooru. Bí láptọ́ọ̀pù bá ń yára dáadáa nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, tí ó wá rọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí fáànù rẹ̀ ń pariwo, tí abẹ́ rẹ̀ sì ń jóni lọ́wọ́, prọ́sẹ́sọ̀ ló mọ̀ọ́mọ̀ ń dẹ ẹsẹ̀ kí ó má baà jóná. Púpọ̀ nínú wọn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá súnmọ́ 100°C. Eruku tó di ihò atẹ́gùn ló sábà ń fà á, tàbí ọ̀rá tó wà láàrin prọ́sẹ́sọ̀ àti irin tó ń fa ooru kúrò lára rẹ̀, èyí tí ó ti gbẹ lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ẹ má ṣe gbé ẹ̀rọ náà sórí ibùsùn tàbí ìrọ̀rí, nítorí aṣọ máa ń bo ihò abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fẹ́ eruku kúrò, ẹ pa ẹ̀rọ náà pátápátá, kí ẹ sì fi nǹkan tí kì í ṣe irin di abẹ fáànù mú kí atẹ́gùn má baà yí i ju agbára rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ọ̀rá náà, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Bí ẹ bá sì ṣàkíyèsí pé bátìrì ti wú, tí ó ń ti bọ́tìnnì tàbí ìdérí sókè, ẹ dẹ́kun lílo ẹ̀rọ náà lójú ẹsẹ̀, torí ìyẹn ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ ìyára, ewu iná ló kù. Àwọn láptọ́ọ̀pù kan tún wà tí wọ́n máa ń dín ìyára wọn kù bí ṣájà tí a kì bọ̀ wọ́n kò bá ní agbára tó yẹ. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ tuntun nígbà tó jẹ́ pé ṣájà tó yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ló ń ṣe é.

Bí ó bá wá di ọ̀rọ̀ ríra nǹkan, èrò tèmi ṣe kedere: bí hard disk bá ṣì wà nínú ẹ̀rọ yín, SSD ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kódà bí RAM náà bá kéré. Tábìlì kékeré kò le tó bẹ́ẹ̀ mọ́ nígbà tí àpótí bá yára. Hard disk láptọ́ọ̀pù sábà máa ń jẹ́ oní-ìwọ̀n ínṣì 2.5, SSD oní-SATA (SATA ni irú ojú ìsopọ̀ tí hard disk bẹ́ẹ̀ ń lò) tó ní ìwọ̀n kan náà yóò sì wọ ihò rẹ̀ láìsí àyípadà. Ẹ lè da ohun gbogbo tó wà nínú ti àtijọ́ kọ sórí tuntun, tàbí kí ẹ gbé Windows wọ tuntun náà látìbẹ̀rẹ̀, èyí tí mo fẹ́ràn jù fún ẹ̀rọ tó ti kó ìdọ̀tí ọdún púpọ̀ jọ. Kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí, ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ohun tí ẹ kò fẹ́ pàdánù síbòmíràn. Ọ̀rọ̀ yìí le jù fún ẹni tí hard disk rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta kọ́-kọ́-kọ́, torí ìfalẹ̀ tirẹ̀ lè jẹ́ pé disk náà ti ń kú lọ. Àwọn láptọ́ọ̀pù olówó pọ́ọ́kú kan wà tó jẹ́ pé eMMC, irú ìpamọ́ kékeré kan tí kò wọ́n, ni wọ́n fi ṣe ibi ìpamọ́ wọn, tí wọ́n sì jó o mọ́ pátákó ẹ̀rọ. Ìyẹn kì í ṣeé pààrọ̀.

RAM ló tẹ̀ lé e. Láti 4GB sí 8GB, ènìyàn yóò rí ìyàtọ̀ gidi. Láti 16GB sí 32GB, ẹni tó kàn ń kọ̀wé, tó sì ń wo ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Ẹ yẹ irú rẹ̀ wò dáadáa, nítorí DDR3 kò lè wọ ihò DDR4, DDR4 kò sì lè wọ ihò DDR5, àti pé nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ, wọ́n ti jó RAM mọ́ pátákó tí kò fi ṣeé fi kún. Bí Windows tó wà nínú ẹ̀rọ bá jẹ́ ti 32-bit, tó jẹ́ irú ti àtijọ́, èyí tí wọ́n ṣe fún lílò nílé kò lè lo RAM tó ju 4GB lọ, àfi bí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀ sí 64-bit.

Ẹ óò pàdé àwọn áàpù tó ń polówó pé àwọn yóò fọ registry, ìyẹn ibi tí Windows ń kọ àwọn ètò rẹ̀ pamọ́ sí, tàbí pé àwọn yóò tú RAM sílẹ̀ pẹ̀lú títẹ bọ́tìnnì kan. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Microsoft fúnra rẹ̀ kò fọwọ́ sí lílo àwọn afọ-registry, èyí tó sì ń tú RAM sílẹ̀ kàn ń ti ohun tó wà lórí tábìlì sínú àpótí ni, tí ẹ̀rọ yóò sì tún lọ gbé e padà. Àwọn kan nínú wọn gan-an ló ń kó fáírọ́ọ̀sì wọlé.

Ó ku ọ̀rọ̀ Windows fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ tó wọ́pọ̀ dúró fún Windows 10, Windows 11 sì ń béèrè fún TPM 2.0, ìyẹn ohun ààbò kan tó wà nínú ẹ̀rọ, àti prọ́sẹ́sọ̀ tí kò pẹ́ púpọ̀, tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ara wọn ṣì le ni kò lè gbà á lọ́nà tó tọ́. Fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, Linux Mint wà, ètò ọ̀fẹ́ tí a lè fi rọ́pò Windows, pàápàá èyí tó ń lo ojú iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Xfce, tí ẹrù rẹ̀ kò wúwo. ChromeOS Flex, ètò irú rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Google, sì wà fún ẹni tó jẹ́ pé inú bíráúsà nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀ parí sí. A lè gbé Linux Mint sórí USB kí á fi tan ẹ̀rọ náà wò, láìpa ohunkóhun rẹ́ nínú rẹ̀, kí á tó pinnu. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá Wi-Fi, ohùn àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín ń bá a ṣiṣẹ́.

Prọ́sẹ́sọ̀ láptọ́ọ̀pù kì í sábà ṣeé pààrọ̀. Bí SSD bá ti wà níbẹ̀, tí RAM tó, tí eruku kò sí, tí CPU sì ṣì ń lu 100% nígbà tí ẹ bá ń ṣe ìpè onífídíò kan ṣoṣo, aránṣọ náà ló ti rẹ̀. Ẹ lè máa fi ẹ̀rọ náà kọ̀wé, kà ìwé tàbí gbọ́ orin, kí ẹ sì wá òmíràn fún ìpè.